Àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún ìrántí ìyá: oríṣi mẹ́rin tó wà lọ́jà, àti èyí tó yẹ ní rírà

Nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ àpótí nílẹ̀ Yorùbá, ìró àdìrẹ kan wà níbẹ̀ tí ìyá tó yà á ti lọ. Etí rẹ̀ ti ń ja, ojú ìká rẹ̀ ti ń là, àwọn ọmọ sì fẹ́ òmíràn tó jọ ọ́ kí kálukú lè ní tirẹ̀. Wọ́n á gba ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta lọ, tàbí kí wọ́n lọ sí Òṣogbo, wọ́n á bá aṣọ tí wọ́n tò lọ súà, gbogbo rẹ̀ ń jẹ́ àdìrẹ. Wọ́n á mú èyí tí ojú wọn rí pé ó jọ ọ́. Ìgbà tí wọ́n bá délé tí wọ́n tẹ́ ti àtijọ́ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni wọ́n tó ń mọ̀ pé ohun tí àwọn rà kì í ṣe irú iṣẹ́ tí ìyá ń ṣe.

Oríṣi mẹ́rin tó wọ́pọ̀ jù lọ la gbé yẹ̀ wò níbí: èyí tí a fi ìyẹ́ àti ẹ̀kọ yà, èyí tí a fi páànù àti ẹ̀kọ ṣe, èyí tí a fi àbẹ́là ṣe, àti èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ohun kan ṣoṣo la fi wọ̀n wọ́n: ṣé aṣọ náà lè dúró fún ọwọ́ ìyá, àti fún ohun tí ìyá gbà gbọ́ nígbà tó ń yà á? Ẹni tó ń wá aṣọ tí yóò wọ̀ lọ òde àríyá, ìwọ̀n tirẹ̀ yàtọ̀, kò sì sí èyí tí kò lè bá a lára mu nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Èyí tí a fi ìyẹ́ yà

Aṣọ òwú funfun ló máa ń jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìró kan jẹ́ abala méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bí ọ̀pá méjì ààbọ̀, tí wọ́n rán pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè fẹ̀ tó ohun tí obìnrin ń ró. Ẹ kọ́kọ́ wá ojú ìrán àárín yẹn. Aṣọ tó bá fẹ̀ tó ìró tí kò sì ní ìrán láàárín, ìgbà tiwa yìí ni wọ́n ṣe é, yálà ó dára tàbí kò dára.

Láfún ni wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ tí àdìrẹ yìí fi ń jẹ́ ẹlẹ́kọ. Ẹ̀kọ yìí ni kì í jẹ́ kí aró mú ibi tí wọ́n bá yà. Ife láfún kan sí nǹkan bí ife omi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Inú omi tútù ni wọ́n ti ń po láfún náà kí ó má baà ní kókó. Wọ́n á fi álọ́ọ̀mù bí ṣíbí kékeré kan sí i, wọ́n á tún fi òkúta búlúù tí ń jẹ́ copper sulphate díẹ̀ kún un, wọ́n á wá gbé e ka iná, wọ́n á máa rò ó títí yóò fi ki, wọ́n á sì fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ. Álọ́ọ̀mù àti òkúta búlúù yìí ni kì í jẹ́ kí ẹ̀kọ tètè yọ́ nínú aró. Májèlé ni òkúta búlúù. Ìkòkò àti orógùn tí a bá fi ro ẹ̀kọ àdìrẹ kò gbọdọ̀ padà sílé ìdáná láé.

Ibi ẹ̀kọ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Bó bá ṣàn jù, ó ń wọ́ sára òwú, ìlà tó yẹ kó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ á wú bí okùn. Bó bá ki jù, ó ń sán nígbà tó bá gbẹ, aró á sì gba ojú sísán náà wọlé. Aládìrẹ tó mọṣẹ́ á ti ìyẹ́ bọ̀ ọ́, á gbé e sókè, á wò ó bóyá ó fà bí oyin díẹ̀ kó tó já. Ìgbà yẹn ló tó.

Ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n gé ṣóńṣó rẹ̀ ni gègé, wọ́n sì tún ń lo ọwọ̀ tí wọ́n yọ lára imọ̀ ọ̀pẹ fún àwọn tó-tò-tó wẹ́wẹ́. Kò sí pẹ́ńsùlù, kò sí rúlà. Wọ́n á ká aṣọ kí ojú ìká lè fi ààlà hàn, wọ́n á pín in sí ilé-ilé bí ọpọ́n ayò, ilé kọ̀ọ̀kan á sì ní àwòrán tirẹ̀. Orí ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìyá ló ń kọ́ ọmọbìnrin, ọmọ á kọ́kọ́ máa fi tó-tò-tó kún àlàfo kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹyẹ tàbí ewé.

Ẹ sún mọ́ aṣọ náà, ẹ wo ìlà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tí ìyẹ́ ti kọ́kọ́ balẹ̀, ìlà náà nípọn. Bó ṣe ń lọ ló ń tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé ẹ̀kọ ń tán lórí ìyẹ́. Lẹ́yìn náà ni kókó kékeré kan á wà níbi tí ó ti tún bọ ìyẹ́ tó sì padà wá mú ìlà náà lọ. Ìwọ̀n ẹ̀kọ tí ìyẹ́ kan lè gbé, àti bí ọwọ́ ẹni tó dì í mú ṣe ń yára sí, ló wà níwájú yín yẹn. Bí ẹ bá ka iye kókó tó wà lórí ìlà gígùn kan, ẹ ti ka iye ìgbà tí ìyá gbọ́wọ́ sókè. Kò sí èyí tí páànù ṣe tó ní èyí. Bákan náà, ẹ wá àwòrán kan náà nínú ilé méjì, ká ní ẹyẹ tàbí ṣíbí, ẹ fi wọ́n wéra. Wọ́n á jọra bí ọmọ ìyá ṣe ń jọra, wọn ò ní jẹ́ ọ̀kan náà.

Lẹ́yìn tí ẹ̀kọ bá gbẹ nínú oòrùn, aṣọ á bọ́ sọ́wọ́ aláró. Ẹ fi sọ́kàn pé aládìrẹ àti aláró kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà. Ẹni tó bá sọ pé ìyá òun ń ṣe àdìrẹ, kó bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé bóyá yíyà ni tàbí rírẹ, nítorí ohun tó yẹ kó wá lọ́jà yàtọ̀. Bó bá jẹ́ aláró ni ìyá, bí búlúù náà ṣe jinlẹ̀ tó ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe àwòrán.

Ewé èlú ni wọ́n ń gún, wọ́n á ṣe é ní róbótó-róbótó, wọ́n á sá a gbẹ. Omi tí wọ́n sẹ́ gba inú eérú kọjá, nínú ìkòkò tí a lu ìdí rẹ̀ tí a gbé lé ìkòkò mìíràn lórí, ni wọ́n á fi rẹ èlú náà. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta sí méje kó tó kan, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo àdúgbò. Aṣọ tó bá bọ́ sínú aró tó pé á jáde ní àwọ̀ ewé. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ sí i, ó ń di búlúù lójú ẹni. Wọ́n á fẹ́ ẹ díẹ̀, wọ́n á tún rì í, ó lè tó ìgbà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dúdú bó ṣe yẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pípẹ́ kò lè dípò ọ̀pọ̀ ìgbà kúkúrú, nítorí ẹ̀kọ á rọ̀, á sì bọ́. Bí eérú kò bá lágbára tó, tàbí òtútù mú ìkòkò, aró á kú, aṣọ tí a rì sínú rẹ̀ á jáde ní àwọ̀ eérú.

Ibí gan-an ni ìgbàgbọ́ ti wọ inú iṣẹ́. Ìyá Màpó ni òrìṣà tó ni aró, òun náà ló ni ìkòkò mímọ àti àwọn iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin mìíràn. Aláró àtijọ́ kò gbà pé òun nìkan ló ń mú aró yè. Ohun tó ń kan nínú ìkòkò, tó lè yè tó sì lè kú, ẹlẹ́mìí ni lójú rẹ̀, ó sì ní ẹni tó ni ín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń júbà kí wọ́n tó fọwọ́ bọ ìkòkò, tí wọ́n sì ń bọ Ìyá Màpó bí aró bá kọ̀ tí kò jí. Ẹni tó bá fi ojú yìí wo aró á rí i pé búlúù aṣọ náà gan-an jẹ́ apá kan nínú ẹ̀sìn ìyá, kí á tó débi àwòrán rárá.

Ọgbọ́n tó dájú jù fún ẹni tó ń rà: ẹ yí aṣọ padà. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ kùn, nítorí náà ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ máa ń dúdú ṣú, àwòrán ò ní hàn níbẹ̀ tàbí kó hàn fírí. Níwájú, ìlà rẹ̀ kì í funfun báláú. Búlúù fífẹ́rẹ́ ló máa ń jẹ́, nítorí pé aró máa ń rí ọ̀nà díẹ̀ gba abẹ́ ẹ̀kọ. Funfun tó mọ́ bí èyí tí kò kan aró rí, tí etí rẹ̀ gé gẹ́rẹ́, ẹ fura sí i.

Ìdájọ́ wa lórí èyí kò ní àbùlà. Bí ìyá bá jẹ́ aládìrẹ tó ń fi ìyẹ́ yà l'Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, irú èyí ni kí ẹ rà, kódà bó bá jẹ́ pé owó tó wà lọ́wọ́ kò lè ju ti abala kan lọ. Abala kan tí ọwọ́ ènìyàn yà sàn ju ìró mẹ́ta tí ẹ̀rọ tẹ̀ lọ. Ó máa ń wọ́n, ó sì yẹ kó wọ́n: ọjọ́ tí ènìyàn fi jókòó ya á ló wà nínú owó yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá sì ń tà á ní iye kan náà pẹ̀lú ti ẹ̀rọ, kì í ṣe iṣẹ́ ìyẹ́.

Orúkọ tí aṣọ ń jẹ́

Ẹ má ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ láìbèèrè orúkọ rẹ̀. Aṣọ yìí ní orúkọ bí ènìyàn, orúkọ náà ló sì ń sọ ohun tí ìyá ń bẹ̀ lọ́run.

Olókun ni òrìṣà òkun, oní-ọrọ̀ tí kì í tán. Obìnrin tó bá ró Olókun ti fi àdúrà ọlà bo ara. Ṣúnbẹ̀bẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa bèbè, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí obìnrin, ẹwà àti ọmọ bíbí ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹyẹ Pé kó oríṣiríṣi ẹyẹ jọ. Ẹyẹ lójú Yorùbá kì í ṣe ohun tí ń fò lásán, àmì agbára àwọn ìyá wa ni, ìdí nìyẹn tí ẹyẹ fi wà lórí adé ìlẹ̀kẹ̀ ọba pẹ̀lú. Ìbàdàndùn, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀, ń yin ìlú: òpó gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n kọ́ parí ní 1929, ló wà nínú rẹ̀, tí ṣíbí sì ń gba àárín òpó kọ̀ọ̀kan. Lórí àwọn kan, wọ́n kọ orúkọ náà sára aṣọ. Ìbàdàndùn jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn ìyá wọ̀nyí kò dì mọ́ àtijọ́ nìkan. Ilé ìjọba tí wọ́n rí lórí òkè ní ọdún yẹn ló ti di ọnà ní ọwọ́ wọn.

Nínú ilé kéékèèké, ẹ ó rí àkekèé, ejò, alángbá, òṣùpá, ewé ẹ̀gẹ́. Àwọn ọmọ kan tó ń dá irú aṣọ ìyá wọn máa ń ní kí aládìrẹ yọ ejò àti àkekèé kúrò nítorí ẹ̀sìn tí àwọn ń ṣe nísinsìnyí, tàbí kí wọ́n pa orúkọ Olókun dà. A kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n a ò gbà wọ́n nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ya Olókun ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí lọ́sẹ̀ kan náà, wọn ò sì rí ìjà níbẹ̀. Bí a bá yọ ilé méjì kúrò nínú aṣọ, ohun tó ṣẹ́ kù kì í ṣe Olókun mọ́, aṣọ tí ìyá yóò mọ̀ kọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á, kí ó kúkú dá Ìbàdàndùn, kí ó sì fi Olókun ìyá rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìgbàgbọ́ ṣe lè wọ inú ẹ̀kọ àti aró tó, kó wá iṣẹ́ Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tí wọ́n bí ní 1915, tó dé Nàìjíríà ní 1950, tó sì kú sí Òṣogbo ní 2009. Ó fi ẹ̀kọ ya ìtàn òrìṣà sórí aṣọ ńláńlá. Kì í ṣe ìró, ẹ má sì wá irú rẹ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ó ń fi hàn pé ẹ̀kọ láfún lè gbé ìtàn odindi òrìṣà.

Páànù: nígbà mìíràn, iṣẹ́ bàbá ni

Ẹlẹ́kọ ni èyí náà, aró kan náà, ẹ̀yìn dúdú kan náà. Páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n gé àwòrán sí lára ló dípò ìyẹ́: wọ́n á tẹ́ ẹ lé aṣọ, wọ́n á fi nǹkan pẹlẹbẹ gbo ẹ̀kọ kọjá lórí rẹ̀, wọ́n á gbé e kúrò, wọ́n á tún tẹ́ ẹ síbòmíràn. Abẹ́òkúta ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ jù, ọkùnrin ló sì ń gé páànù. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ pé kí ẹni tó ń wá iṣẹ́ òbí rẹ̀ má gbàgbé bàbá.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀: ìlà rẹ̀ máa ń já níbi tó yẹ kó so. Bí wọ́n bá gé òbìrí kan yíká pátá lára páànù, àárín rẹ̀ á jábọ́, nítorí náà agépáànù máa ń fi afárá kékeré sílẹ̀ kí àárín lè dì mú. Afárá yẹn ló ń hàn lára aṣọ bí àlàfo dúdú nínú ìlà. Ibi tí ẹni tó gé e fi afárá sí, àti bó ṣe tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ nínú ọnà, ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Olóba, tí wọ́n fi ṣe àjọ̀dún ọdún 25 Ọba George Karùn-ún ti Gẹ̀ẹ́sì lórí ìtẹ́ ní 1935, tí àwòrán ọba àti ayaba wà láàárín rẹ̀.

Aléébù rẹ̀ kò pọ̀. Bí páànù bá ti gbó, etí rẹ̀ á tẹ̀, ẹ̀kọ á máa yọ́ kọjá sábẹ́, àwòrán á rú. Ẹ wo ojú ènìyàn tàbí lẹ́tà tó wà lára aṣọ. Bí wọ́n bá ti rú, páànù náà ti rẹ̀. Bí aṣọ àpótí yín bá ní afárá, èyí ni kí ẹ rà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ti ìyẹ́ ló ga jù.

Alábẹ́là

Kàmpálà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe èyí. Àbẹ́là gbígbóná ni wọ́n ń lò, wọ́n máa ń fi fóòmù tí wọ́n gé àwòrán sí tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, aró kẹ́míkà ni wọ́n sì fi ń rẹ ẹ́, pẹ̀lú kọ́sítíìkì. Àwọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó yá, ó sì lẹ́wà. Àbẹ́là máa ń gba aṣọ kọjá, nítorí náà tojú-tẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà, ìlà wẹ́wẹ́ bí ojú ilẹ̀ tó sán á sì wà nínú àwòrán níbi tí àbẹ́là ti ṣẹ́. Kí ẹ tó rà á, ẹ fi àtàǹpàkò ra á lára: bó bá ń yọ̀ tàbí ó le gbandi, wọn ò se àbẹ́là rẹ̀ kúrò dáadáa. Ẹ fi aṣọ funfun tó lọ́rinrin nù ún, kí ẹ wo bí àwọ̀ ṣe ń bọ́ sí. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, a sì bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn ni. Kò lè dípò aṣọ ẹlẹ́kọ.

Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀

Àwòrán Ìbàdàndùn tàbí Olókun tí wọ́n yà ní fọ́tò, tí ẹ̀rọ sì tẹ̀ sórí aṣọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì, iwájú rẹ̀ á mọ́, kò ní rùn, kò ní bọ́ sí yín lọ́wọ́, ibi tí àwòrán náà bá ti tún padà yọ lára aṣọ á bára mu láìyẹ̀. Ó rọrùn fún aṣọ ẹgbẹ́ nígbà ìsìnkú tàbí ìrántí, nítorí pé ó lè kárí igba ènìyàn. Fún ìyẹn nìkan la fọwọ́ sí i. Ohun tó dùn wá ni pé wọ́n ń tà á fún àwọn ọmọ aládìrẹ ní orúkọ iṣẹ́ ìyá wọn, tí àwọn aládìrẹ tó kù sì ń jókòó láìríṣẹ́ nítorí rẹ̀.

Dídá irú aṣọ ìyá

Ẹni tí kò bá rí èyí tó jọ ti ìyá rẹ̀ lọ́jà lè fún aládìrẹ níṣẹ́. Iṣẹ́ yìí dára púpọ̀ bí a bá mọ bí a ṣe ń ṣe é, ó sì máa ń dìjà bí a kò bá mọ̀ ọ́n.

Ẹ má gbé aṣọ gangan sílẹ̀ fún wọn. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ibòji ní ọ̀sán, kí oòrùn má bà á, kí ẹ dúró lókè rẹ̀ tààrà, kí ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá ya ilé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ka ilé tó wà ní ìbú àti ní òró, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń dín kù ni iye ilé: ilé ńlá díẹ̀ yára ju ilé kéékèèké púpọ̀ lọ. Ẹ kọ orúkọ aṣọ, orúkọ ìyá, àti ohun tí àwọn àgbà bá rántí nípa ilé kọ̀ọ̀kan. Ìwé yẹn á ṣe yín láǹfààní nígbà tí aṣọ méjèèjì bá ti gbó.

Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ya ilé kan ṣoṣo sórí àjákù aṣọ, kí wọ́n rẹ ẹ́, kí wọ́n sì họ ẹ̀kọ rẹ̀ kúrò, kí ẹ rí i kí ẹ tó san owó ìdá. Ẹni tó bá kọ̀ láti ṣe ilé kan yìí, ẹ gbé iṣẹ́ yín lọ síbòmíràn. Ẹ yẹra fún ìgbà òjò bó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀kọ tí kò gbẹ dáadáa ló ń bọ́ sínú aró, kò sì sí aládìrẹ tó lè bá òjò pinnu ọjọ́. Ẹ má sì kánjú wọn. Ẹni tó bá ní òun á fi ìyẹ́ ya odindi ìró lọ́jọ́ kan, páànù tàbí fóòmù ló fẹ́ lò.

Lórí aró: ọ̀pọ̀ ń ní àwọn fẹ́ èlú nìkan, torí pé èlú ni ìyá lò. Ẹ ní sùúrù lórí èyí. Láàárín ọdún 1930 sí 1940 ni àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá ti ní awuyewuye lórí kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó, tó fi hàn pé wọ́n ti ń lò ó kárí nígbà náà. Aṣọ tó ti wà nínú àpótí fún àádọ́ta ọdún lè má rí èlú rí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èròjà kan náà ló ń mú búlúù jáde nínú èlú àti nínú aró indigo òyìnbó, nítorí náà ojú kò lè yà wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ gba owó èlú lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n fi ìkòkò hàn yín, kí ẹ sì gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ilé ìkọ́ṣẹ́ tún wà fún ọmọ tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ. Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí, tó kọ́ iṣẹ́ nínú ẹbí rẹ̀, dá ilé iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, wọ́n sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àdìrẹ níbẹ̀ láìgba owó. Lójú tiwa, ọmọ tó bá ya ilé mẹ́rin péré nínú Olókun ìyá rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n, ti rí ohun tí ìró tó pé lọ́jà kò lè fún un.

Títọ́jú èyí tó wà nílé

Aṣọ tuntun á máa bọ́ díẹ̀ sí ọwọ́ àti sí yẹ̀rì. Èyí kì í ṣe àléébù, ara indigo ni. Ẹ má fi iyọ̀ tàbí fínígà rẹ ẹ́ pé kó lè dì mú, kì í ṣiṣẹ́ fún irú aró yìí. Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀ tí kò le, òun nìkan nínú abọ́, títí omi á fi mọ́. Oògùn tí ń sọ aṣọ di funfun kò gbọdọ̀ kàn án, nítorí ibi tó bá bù ú jẹ kò ní padà di búlúù mọ́. Inú ibòji ni kí ẹ sá a sí. Dídán tó máa ń wà lára aṣọ tuntun, lílù ni wọ́n fi igi lù ú lórí ìtì igi. Á lọ lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí ẹ̀ ń wò nísàlẹ̀ rẹ̀ ni aṣọ náà gan-an.

Ti ìyá, tó ti gbó, ẹ má fọ̀ ọ́ rárá bí kò bá dọ̀tí. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá, torí ọ̀rá máa ń mú kí ó làágùn, kó sì hu èbu. Ẹ fi aṣọ òwú funfun tí a ti fọ̀ dáadáa tẹ́ ẹ láàárín, kí ẹ sì yí i mọ́ òpó páálí gígùn dípò kí ẹ ká a, nítorí ojú ìká kan náà tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ ni òwú ti ń là. Bó bá jẹ́ pé kíká ló kù, ẹ máa yí ojú ìká padà ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́ ara ògiri, ògiri tí oòrùn kì í tàn sí ni, kí ẹ sì rán ọ̀já òwú sí ẹ̀yìn rẹ̀ lókè kí igi lè gba inú ọ̀já náà kọjá. Ẹ má kan ìṣó sára aṣọ. Ojú dúdú ni kí ẹ kọ sí ògiri, ojú tí ìyá yà sí níta.